Lára Ta Ni Wọ́n Ti Dán An Wò? Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìwádìí Ayé Dènà Àtọ̀gbẹ, Kí Ẹ sì Fi Tọ́jú Rẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni WhatsApp mi kò ti sinmi. Lónìí, omi ewúro ń wo àtọ̀gbẹ sàn pátápátá. Lọ́la, àwọn òyìnbó ti rí i pé ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ láyé kò gbọdọ̀ fojú kan ìrẹsì mọ́. Àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ kò ro ibi sí mi. Àbúrò mi wà nínú wọn, àwọn ará ìjọ wa wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń gbé Peckham ní London ló sì burú jù. Bí mo ṣe ń dá gbogbo wọn lóhùn kì í yí padà: lára ta ni wọ́n ti dán an wò? Èèyàn mélòó? Ìgbà wo ni wọ́n fi ṣọ́ wọn? Tí èsì kò bá ti wá, mo ti pa á rẹ́ nìyẹn.

Àwọn ìwádìí kan wà tí wọ́n dáhùn ìbéèrè yẹn láìfi nǹkan kan pamọ́. Àwọn ni mo fẹ́ kó wá síbí, kí n sọ ohun tí ẹ lè fi wọ́n ṣe nílé, kí n sì sọ ibi tí wọn kò ti bá tiwa mu. Àtọ̀gbẹ irú kejì, èyí tó sábà máa ń mú àgbàlagbà, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé jù.

Tí ṣúgà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè

Tí ẹ bá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ láìtíì fẹnu kan nǹkan, tó sì jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó bá ń kà á bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á kọ 7.0. Tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tó ti kọjá ibi tó yẹ, ẹnu ọ̀nà ni ẹ wà. Láti 100 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ka ẹnu ọ̀nà yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kà á láti 110.

Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni mo fẹ́ràn jù láti bá sọ̀rọ̀, torí òun ni ìwádìí ṣe lóore jù. Ní 1986, ní ìlú Da Qing lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, wọ́n kó èèyàn 577 jọ tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Kíníìkì 33 ni wọ́n wà, wọ́n sì pín àwọn kíníìkì náà: àwọn kan ń ṣọ́ oúnjẹ, àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá, àwọn kan ń ṣe méjèèjì, àwọn kan ń bá ayé wọn lọ bó ṣe wà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ wọn kò jẹ́ kí àwọn èèyàn náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn 30 ọdún, wọ́n rí i pé àtọ̀gbẹ fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin pẹ́ sí i kó tó mú àwọn tó yí ìṣe wọn padà, ẹ̀mí wọn sì gùn ju ti àwọn yòókù lọ.

Àwọn ará Finland tún un ṣe pẹ̀lú èèyàn 522, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2001: ewu àtọ̀gbẹ dín kù ní ìdá 58 nínú 100. Ní 2002 ni ti Amẹ́ríkà jáde, èèyàn 3,234, ìdá 58 náà ni wọ́n bá. Àwọn tó ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, nínú wọn rí ìdá 31 péré. Láàárín àwọn tó ti lé ní 60 ọdún, ìrìn àti oúnjẹ dín ewu náà kù ní ìdá 71, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àgbà ti dé. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe kò ju kí wọ́n dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá wọn kílò 85, kílò mẹ́fà péré ni ìdá 7 yẹn.

Ti India ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Dókítà Ramachandran ní Chennai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ èèyàn 531 sọ́nà, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 2006. Àwọn èèyàn yẹn kò sanra bíi ti Amẹ́ríkà, ìwọ̀n ara wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù títí ìwádìí fi parí. Síbẹ̀ ewu dín kù ní ìdá 28 ó lé díẹ̀. Ẹ ka èyí sí etí àwọn èèyàn wa tó máa ń na apá wọn sí mi pé, “Àǹtí, èmi tí mo rí báyìí, ibo ni ṣúgà á gbà wọlé?”

Ìṣẹ́jú 150 yẹn, ẹ pín in sí 30 lọ́nà márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ó yẹ kí ẹ lè máa bá ẹnì kejì yín sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n kí mímí má jẹ́ kí ẹ lè kọrin. Ìrìn inú ọjà Bódìjà tí ẹ fi ń dúró ná tòmátì kò sí nínú rẹ̀. Tí oòrùn bá ń le, ẹ pín in sí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí kan jáde ní 2013 ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé ìrìn kúkúrú lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ń fa ṣúgà àgbà wálẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ṣe é. Tó bá jẹ́ oògùn ni, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú èèyàn mẹ́wàá, ṣùgbọ́n rírìn yí àdúgbò po kò náni ní nǹkan kan. Metformin ní tirẹ̀, ẹ má dá lọ rà á ní kẹ́mísì; kíndìnrín ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò.

Kí ọ̀rẹ́ wa ní Peckham náà gbọ́ o. Ní 1997, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tó fi àwa tí a wà nílé wé àwọn ìran Áfíríkà tó wà lókè òkun. Ní Nàìjíríà, ìdá 2 nínú 100 ló ní àtọ̀gbẹ. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, ìdá 9. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 11. Ìran kan náà, àmọ́ àwo oúnjẹ àti ìjókòó ọ̀tọ̀. Nígbà tó fi máa di 2018, àwọn onímọ̀ tó kó ìwádìí Nàìjíríà pọ̀ rí ìdá 5.8. Àwa náà ti ń lé wọn bá nìyẹn.

Àwo oúnjẹ

Bí wọ́n bá ti dárúkọ àtọ̀gbẹ nínú ilé báyìí, wọn á gba iyán lẹ́nu Bàbá, wọn á sì gbé wíìtì fún wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mo ti rí òkèlè wíìtì tó tóbi bí orí ọmọ tuntun, tí ìyàwó sì ń yangàn pé òun ń tọ́jú ọkọ òun. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹ̀fun ni wíìtì, ìyẹ̀fun ni èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ara ń sọ gbogbo wọn di ṣúgà. Bí òkèlè ṣe tóbi tó ló ń ṣe èèyàn níbi ju orúkọ tó ń jẹ́ lọ. Kí àmàlà tàbí ẹ̀bà má ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Kí ẹ̀fọ́, ilá tàbí ewédú gba ìdajì àwo. Kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìyókù. Ọ̀gì nìkan kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀ fún alátọ̀gbẹ. Ẹ dín ọ̀gì kù, kí ẹ fi mọ́ínmọ́ín tì í. Mínírà kò sí lábẹ́ àlàyé kankan. Mọ́ltì náà kò kún ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣúgà ni.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan ní New York ní kí èèyàn 11 kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran, kí búrẹ́dì tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n yí i padà. Oúnjẹ kan náà ni, ṣùgbọ́n ṣúgà kò gòkè tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀fọ́ ṣíwájú. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ta ló ń jẹ ẹ̀fọ́ rírò láìsí òkèlè? Ẹ sáà dán an wò. Ẹ jẹ ìdajì ẹ̀fọ́ àti ẹja yẹn kí ẹ tó bu òkèlè àkọ́kọ́.

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà nílé, ẹ kò ní láti máa jiyàn lórí àmàlà àti ìrẹsì. Ẹ wọn ṣúgà kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tún wọn ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan lórí èyí. Oúnjẹ tó bá ń gbé e kọjá 180, ìwọ̀n rẹ̀ ti pọ̀ jù fún yín. Tó bá di pé ẹ bi mí lára ta ni wọ́n ti dán an wò, lára yín gan-an ni.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí ẹ tó gún ìka o. Àwọn ará Japan ṣe ìwádìí kan ní 2011: wọ́n ní kí àwọn èèyàn bó ọsàn àti àwọn èso mìíràn, wọ́n sì wọn ṣúgà ní ìka wọn láìfọ ọwọ́. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ńlá lára ẹni tí kò ní nǹkan kan. Òwú àti spírítì tí wọ́n fi nù ún kò tó láti mú un kúrò. Omi ló mú un kúrò. Ní àsìkò agbálùmọ̀ àti máńgòrò, ẹ rántí èyí kí ẹ tó fi kún oògùn.

Àyẹ̀wò HbA1c àti ẹ̀jẹ̀ AS

Ibí ni ìbéèrè mi ti ṣe pàtàkì jù. HbA1c ni àyẹ̀wò láàbù tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Tó bá dé 6.5, àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń pè é níbi gbogbo láyé. Ṣùgbọ́n ara àwọn èèyàn tí AS ṣọ̀wọ́n láàárín wọn ni wọ́n ti fi ìdí nọ́ńbà yẹn múlẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS ní Nàìjíríà.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ wo àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó lé ní 4,600. Wọ́n fi AS wé AA tí ṣúgà wọn jọra, wọ́n sì rí i pé HbA1c ti AS fi nǹkan bí 0.3 rẹlẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó jẹ́ AS lè gba ìwé láàbù tó kọ 6.3, kó máa jó wálé, kó sì jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ti wọlé. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n tún rí jíìnì G6PD kan tó wọ́pọ̀ láàárín ìran Áfíríkà tó ń ṣe irú rẹ̀. Ti SS kò ní àríyànjiyàn nínú: kò yẹ kí wọ́n fi HbA1c wò wọ́n rárá.

Nítorí náà, ẹ kọ jẹ́nótáìpù yín sí iwájú ìwé kíníìkì yín. Tó bá jẹ́ AS, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ àyẹ̀wò ṣúgà àárọ̀ kí ẹ tó jẹun, àti ti wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bá mu omi glukósì. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Bákan náà ni fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára.

Kì í ṣe pé àwa kò sí nínú ìwádìí rárá. Ìbàdàn, Èkó àti Enugu wà nínú iṣẹ́ ńlá tí Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, darí pẹ̀lú àwọn ará Ghana àti Kenya. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti rí jíìnì ZRANB3 tó jẹ mọ́ àtọ̀gbẹ ní 2019. Kò tíì sí oògùn tó tibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ní òun ń ta oògùn jíìnì fún yín, ẹ sá fún un.

Ẹsẹ̀

Ṣúgà tó bá ga fún ìgbà pípẹ́ máa ń pa àwọn iṣan tó ń jẹ́ ká mọ nǹkan lára. Èèyàn á tẹ ìṣó láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ inú bàtà ni yóò rí lálẹ́. Lára àwọn tó là wá lójú sí èyí ni Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ tó tọ́jú adẹ́tẹ̀ ní Vellore ní India, tó sì lọ sí Carville ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Òun ló fi hàn pé àìmọ ìrora ló ń ba ìka adẹ́tẹ̀ jẹ́, torí ẹni tí kò mọ ìrora kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń ṣe é lọ́ṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ lára adẹ́tẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ là títí dòní.

Ní 2011, àwọn dókítà ìlú Ipswich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àyẹ̀wò kan jáde tí ọmọ yín lè ṣe fún yín nílé. Kí Màmá tàbí Bàbá bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n di ojú. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n lára, kí wọ́n dáhùn “ọ̀tún” tàbí “òsì”. Ẹ wá fi orí ìka yín kan ṣóńṣó àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún fẹ́rẹ́, bí ìgbà tí eṣinṣin bà, kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gbá a. Lẹ́yìn rẹ̀, ìka tó kéré jù lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, àtàǹpàkò òsì, ìka tó kéré jù ní òsì, ìka àárín ọ̀tún, ìka àárín òsì. Ìka mẹ́fà náà nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tún un kàn nítorí pé Bàbá dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn gan-an ni èsì. Tí wọn kò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lọ sí kíníìkì láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, bí kò tilẹ̀ sí egbò.

Ní Dar es Salaam ní Tanzania, Dókítà Zulfiqarali Abbas ti kọ̀wé nípa ohun kan tí ìwé òyìnbó kì í sábà kọ: eku. Bí ẹsẹ̀ bá ti kú, eku ilé á wá lóru, á máa jẹ gìgísẹ̀, ẹni náà kò ní jí. A mọ̀ ọ́n níbí dáadáa. Ẹ fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó sùn kí òórùn ọbẹ̀ má bàa wà lára rẹ̀, ẹ ki etí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bọ abẹ́ tìmùtìmù, kí ẹ sì dí ihò ara ògiri. Láti 2004 ni iṣẹ́ tí Abbas wà nínú rẹ̀ ní Tanzania ti ń kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì ní ìtọ́jú ẹsẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ wọn kò gba owó ńlá.

Ẹ má rìn láìwọ bàtà, kódà láti yàrá dé ilé ìwẹ̀. Ẹ fi ìgúnpá tọ́ omi gbígbóná wò, ẹ má fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ. Lẹ́yìn àlùwàlá, ẹ nu àárín ìka gbẹ. Ẹni tó ń gé èékánná kiri, tó ń lu sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kéú-kéú, ẹ kí i kó máa lọ. Bí egbò bá sì yọ, ẹ má da epo, tírò tàbí àgúnmu sí i. Ọjọ́ tí ẹ rí i ni ọjọ́ kíníìkì.

Insulin nígbà tí kò sí iná

Ìdààmú àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin láti fa ṣúgà wálẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò ju iná lọ. Ní àgọ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi Dagahaley ní Kenya, àjọ àwọn dókítà tó ń jẹ́ Médecins Sans Frontières bá Yunifásítì Geneva ṣe ìwádìí tó jáde ní 2021: wọ́n fi insulin sínú ooru tó ń lọ láti 25 sí 37 ní ìwọ̀n Celsius, agbára rẹ̀ sì wà títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní 2023, àtúnyẹ̀wò Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí pọ̀ yẹ̀ wò, sọ pé irú insulin tí wọ́n ń pè ní “human insulin” tí wọn kò tíì ṣí lè wà fún oṣù mẹ́fà níbi tí kò gbóná ju 25 lọ, àti oṣù méjì níbi tí kò ju 37 lọ. Èyí tí ẹ bá ti ṣí, ẹ tẹ̀ lé ohun tí páálí rẹ̀ wí, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, ló sọ ìkòkò méjì tó ń mú nǹkan tutù láìlo iná di olókìkí. Ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ kó iyanrìn sí àárín wọn, ẹ fi omi rin iyanrìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ di insulin sínú nílọ́ọ̀nù kí omi má bàa kàn án, kí ẹ sì fi aṣọ tútù bo ẹnu ìkòkò. Nígbà ọyẹ́, á tutù dáadáa. Nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Insulin tó bá ti di yìnyín nínú fíríìjì, ẹ dà á nù, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ dunni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwòsàn, àti ààwẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí UKPDS tọ́pa àwọn alátọ̀gbẹ 5,102 láti 1977 sí 1997. Àwọn tí wọ́n fún ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní àmójútó líle bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ ní ìdá 44 ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má fi oògùn ṣúgà pa ti ẹ̀jẹ̀ ríru tì.

Ṣé àtọ̀gbẹ lè lọ? Ní Scotland àti Tyneside, ìwádìí DiRECT fún àwọn èèyàn ní oúnjẹ olómi tí kò ju nǹkan bí kálórì 850 lóòjọ́ lọ fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 46 nínú wọn kò lo oògùn mọ́, ṣúgà wọn sì wálẹ̀; lẹ́yìn ọdún méjì, ó ku ìdá 36. Lára ta ni? Àwọn tí àtọ̀gbẹ wọn kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, tí wọn kò lo insulin, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ òyìnbó. Wọ́n ti gbìyànjú irú rẹ̀ lára èèyàn 25 ní Barbados, ìran Áfíríkà bíi tiwa, ó sì ṣe dáadáa, àmọ́ èèyàn 25 ṣì kéré. Ọ̀dọ̀ dókítà ni irú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dá ebi pa ara rẹ̀ tó sì ń lo oògùn lọ, ilẹ̀ ni yóò ti bá ara rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn aláàwẹ̀, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ìwádìí EPIDIAR wo èèyàn tó lé ní 12,000 ní orílẹ̀-èdè 13, ó sì rí i pé kí ṣúgà já wálẹ̀ débi pé wọ́n ń gbé èèyàn lọ sí ọsibítù pọ̀ ní ìlọ́po méje ó lé nígbà Ramadan lára àwọn tó ní irú kejì. Ẹ lọ rí dókítà nígbà tí ààwẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó yí àsìkò àti ìwọ̀n oògùn yín padà. Gígún ìka kò ba ààwẹ̀ jẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn àlùfáà ló ti fọwọ́ sí i. Tó bá já sí ìsàlẹ̀ 70, tàbí tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bọ̀, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀: kúùbù ṣúgà mẹ́rin, tàbí ìdajì ife mínírà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbà á láyè nìyẹn. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọn ọ́n. Tí kò bá tíì tó 70, ẹ tún un lò. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ oúnjẹ gidi.